Dín Kù Kì í Ṣe Èèwọ̀

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, lọ́dún 1997, ní Ọ̀fàtẹ̀dó lẹ́yìn Òṣogbo. Àwọn èèyàn ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, gbogbo ilé sì ń ta sánsán. Ẹni tó bá ti gbé àdúgbò ilé tuntun rí mọ bó ṣe máa ń rí. Wọn ò tíì rẹ́ ògiri, géètì ò tíì sí, ọbẹ̀ ẹnì kan ni gbogbo àdúgbò sì jọ ń gbóòórùn.

Nílé Ọ̀gbẹ́ni Barnabas Adéjọbí, wọ́n ti gbé ìrẹsì síwájú oníkálukú. Phebe, ìyàwó rẹ̀, ní ẹran méjì lórí tirẹ̀. Ìwàlẹwà, ọmọ wọn obìnrin, ń fa eegun adìẹ kan bí ẹni pé eegun náà jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ti baálé ilé nìkan ló rí bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Ìrẹsì ni, ata ni, òróró díẹ̀ ni. Kò sí ẹran, kò sí ẹja, kò sí ẹyin.

Barnabas ń jẹun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára eegun ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Bánábà," ni Yèyé Susannah wí láìgbé orí sókè. "Mo rí ọ."

"Yèyé, mi ò ṣe nǹkan kan."

"Ojú rẹ ti jẹ ẹ́ tán."

Yèyé Susannah ni ìyá Barnabas. Ìwàrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ti wá, lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí i pé ara ọmọ rẹ̀ ò yá. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì gún, ohùn rẹ̀ sì ṣì lè dá ewúrẹ́ padà lójú ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ìgbà wo ni yóò padà sílé, èsì kan náà ló máa ń fọ̀: "Ulé ọmọ mi ni mo wà. Bí ara rẹ̀ bá yá, ma lọ."

Barnabas fúnra rẹ̀, akọ̀wé ni. Ilé iṣẹ́ rélùwéè ló ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ tó sì wọ iṣẹ́ ìjọba. Ohunkóhun tí ẹ bá fún Barnabas, inú fáìlì ni yóò fi sí. Ìwé ìrìbọmi Ìwàlẹwà wà nínú fáìlì, ìwé tí wọ́n fi ra fáànù wà nínú fáìlì. Phebe máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá dúró sójú kan pẹ́ jù, ọkọ òun yóò dá òun náà lu, yóò sì fi òun sínú fáìlì.

Lọ́dún 1995, dókítà kan ní Iléṣà, Dókítà Oyèṣọlá, ló rí i pé kíndìnrín Barnabas ló ń ṣàìsàn. Yèyé ló tẹ̀ lé e lọ lọ́jọ́ yẹn. Dókítà ní, "Iṣẹ́ kíndìnrín ni láti máa sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Tiyín ti ń rẹ̀. Ẹran, ẹja àti ẹyin máa ń dá ìdọ̀tí sílẹ̀ lára. Ẹ dín wọn kù, kí ẹrù má bàa wúwo jù fún un."

Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni dókítà sọ. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ Yèyé dàgbà, bí àgbà bá ní kí o yẹra fún oúnjẹ kan nítorí ẹ̀mí rẹ, orúkọ kan ṣoṣo ni nǹkan bẹ́ẹ̀ ń jẹ́. Bí wọ́n ṣe padà dé, ẹnu ọ̀nà ló ti pe Phebe.

"Ẹran, ẹja, ẹyin," ló wí. "Láti òní lọ, èèwọ̀ Bánábà ni."

Ẹ má bi mí bóyá ìyá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì bíi ti Yèyé náà ń ní èèwọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ilé tiyín.

Yèyé pa èèwọ̀ náà mọ́ dáadáa. Kò jẹ́ kí Phebe fi ṣíbí ọbẹ̀ ẹlẹ́ran ro ọbẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ó dá abọ́ kan yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹni bá gbé móínmóín ẹlẹ́yin wá kí aláìsàn, ẹnu ọ̀nà ni móínmóín náà ti ń padà.

Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1997, kíndìnrín Barnabas dáwọ́ iṣẹ́ dúró pátápátá. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń lọ, ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fún un ní ìwé kan nípa oúnjẹ. Ojú rẹ̀ ń ṣú, kò lè kà á. Ó ká a, ó gbé e délé, ó fi sínú fáìlì, ó sì kọ K.I.V. sí i lórí, bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe máa ń kọ ọ́ sára ìwé tí wọ́n bá ní àwọn ń bọ̀ wá bojú wò. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń pẹ́ tó.

Báyìí ni oúnjẹ tó yẹ Barnabas ṣe yí padà, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí mo ń sọ yìí, egbò kan ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Salẹ́ńsà ọ̀kadà ló jó o níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kò ju ìdérí ìgò lọ. Ẹni tí salẹ́ńsà ò jó rí ní Ọ̀fàtẹ̀dó, kò tíì gun ọ̀kadà ni, egbò rẹ̀ kì í sì í pẹ́ jinná. Ti Barnabas ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó ṣì tutù. Ikọ́ ti ń bá a jà láti oṣù tó kọjá. Eéwo yọ ní abíyá rẹ̀, bó ṣe ń lọ ni òmíràn ń yọ. Ó ti lu ihò tuntun méjì sára bẹ́líìtì rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó kọjá níwájú obìnrin tó ń dín ẹja ní oríta. Ó kọjá lọ. Ó padà. Ó tún kọjá. Nígbà tó yá, ó ra ẹyọ kan, ó lọ dúró sẹ́yìn ìsọ̀ kan, ó sì jẹ ẹ́ teegunteegun. Akọ̀wé àgbà ni o, ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Yèyé ń ṣa aṣọ tí wọ́n fẹ́ fọ̀. Ó gbé áńkáṣíìfù kan sún mọ́ imú.

"Bánábà! Kí lèyí?"

"Áńkáṣíìfù ni, Yèyé."

"Mo mọ̀ pé áńkáṣíìfù ni. Òórùn tó wà lára rẹ̀ ni mò ń bi ọ́."

Barnabas wo ilẹ̀. "Yèyé, ẹyọ kan péré ni."

"Ẹyọ kan! Ṣé ju ẹyọ kan lọ ni Ádámù jẹ?"

Ojú ti Barnabas tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tó lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ kejì rẹ̀, kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì rí egbò náà. Ṣòkòtò gígùn ló fi bò ó. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ti wú, ó pọ́n, ó ń gbóná. Nígbà tí ibà sì dé, ó ń gbọ̀n débi pé bẹ́ẹ̀dì ń ró.

Yèyé káwọ́ lérí. "Ẹ ò rí i? Mo wí! Èèwọ̀ tó jẹ ló ń jà á!"

Barnabas sì gbà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló dùn mí jù nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún mi. Ọkùnrin tó ka ìwé, tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́, ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ó ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó dárí ẹja jin òun.

Lọ́jọ́ Ajé, bí nọ́ọ̀sì ṣe ká ṣòkòtò sókè, ó sáré lọ pe dókítà. Dókítà wo ẹsẹ̀, ó wo ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó sì pe Phebe sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá wa, kòkòrò àrùn ti wọ ẹsẹ̀ wọn. Bó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, a lè pàdánù wọn. A ó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ apakòkòrò nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ara wọn ò bá a jà rárá. Kí ni wọ́n ń jẹ nílé?"

Phebe ní ẹ̀kọ àti ìrẹsì ni. Dókítà ránṣẹ́ pe Ìyáàfin Rùkáyà Béjidé.

Iṣẹ́ Ìyáàfin Béjidé ni láti máa bójú tó ohun tí aláìsàn ń jẹ. Ọmọ Òṣogbo ni, obìnrin kúkúrú, tí ìborùn rẹ̀ kì í dúró lórí, tí kì í sì í kánjú. Ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, ẹ kú ara líle. Kí lẹ jẹ lánàá?"

"Ẹ̀kọ," ni Barnabas wí.

"Ẹ fi kí ni jẹ ẹ́?"

Barnabas rò ó títí. "Ṣíbí."

Rùkáyà ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun sunkún. "Subhanallah. Ẹja ńkọ́? Ẹyin ńkọ́?"

"Èèwọ̀ mi ni."

"Èèwọ̀ ìdílé?"

"Èèwọ̀ dókítà."

Phebe wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Rùkáyà gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

"Bàbá, a fún yín níwèé kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ wá."

Barnabas yí ojú sí ògiri. "Ó wà nínú fáìlì."

"Nínú fáìlì!" ni Phebe kígbe. Ó fọwọ́ bo ẹnu nítorí àwọn aláìsàn tó kù.

"Ẹ má bá wọn jà," ni Rùkáyà wí. "Ẹ gbọ́. Ẹran, ẹja tàbí ẹyin tí a bá jẹ, kì í lọ sí ara bẹ́ẹ̀. Inú wa máa ń tú u sí wẹ́wẹ́. Àwọn wẹ́wẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní amínò ásíìdì. Ara ń kó wọn jọ, ó sì ń fi wọ́n ṣe ohun tuntun. Ó ń fi wọ́n ṣe iṣan, ó ń fi wọ́n ṣe awọ tó ń bo egbò. Òun náà ló fi ń ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó ń bá kòkòrò àrùn jà."

"Àwọn ọmọ-ogun ara," ni Phebe wí. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé ìwé.

"Àwọn náà ni. Nínú ara ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́, ìdọ̀tí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti ń dá àwọn ọmọ-ogun yẹn lágara tẹ́lẹ̀. Bí wọn ò bá tún wá rí amínò ásíìdì tó, wọn ò ní pọ̀ tó, ìwọ̀nba tó wà ò sì ní lókun tí wọn yóò fi jà. Ìdí nìyẹn tí egbò kékeré fi fẹ́ di ọ̀ràn ẹ̀mí."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń fọ ìdọ̀tí yẹn kúrò," ni Phebe wí.

"Ó ń fọ̀ ọ́. Ìyá Ìwàlẹwà, tí ẹ bá ń ṣan ìrẹsì, ṣé ìdọ̀tí nìkan ló ń bá omi lọ?"

"Rárá o. Hóró ìrẹsì díẹ̀ máa ń bá a lọ."

"Bó ṣe rí nìyẹn. Bí ẹ̀rọ ṣe ń fọ ẹ̀jẹ̀, amínò ásíìdì díẹ̀ ń bá ìdọ̀tí lọ. Ẹ ò sì ní torí ìyẹn ní ẹ ò ṣan ìrẹsì mọ́. Ẹ ó bu díẹ̀ kún un ni. Ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ ẹja, ẹyin àti ẹran ju bó ṣe ń jẹ ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ lọ. Àwa ni yóò sọ ìwọ̀n rẹ̀."

Bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni Yèyé wọlé, ó gbé fúláàsìkì ẹ̀kọ lọ́wọ́. Rùkáyà kúnlẹ̀ kí i, ó sì fẹ̀sọ̀ sọ fún un.

"Màmá, oúnjẹ amúaradàgbà ló kù díẹ̀ fún wọn."

Yèyé wò ó láti òkè délẹ̀. "Amúaradàgbà? Ta ló tún fẹ́ dàgbà? Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni Bánábà. Èmi ni mo bí i."

Aláìsàn kan lórí bẹ́ẹ̀dì kejì bú sẹ́rìn-ín. Rùkáyà náà rẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ ni, Màmá. Kì í ṣe kí wọ́n ga sí i. Kí ara lè tún ibi tó bàjẹ́ ṣe ni."

"Ẹnu rẹ dùn, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹja kan péré ló jẹ, wo ẹsẹ̀ rẹ̀. O tún fẹ́ kó jẹ ẹyin, kó wá kú pátápátá?"

"Màmá, ìgbà wo ni salẹ́ńsà jó wọn?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí."

"Ìgbà wo ni wọ́n jẹ ẹja?"

"Ìṣẹ́gun tó kọjá."

"Nígbà tí wọ́n fi máa jẹ ẹja, ṣé egbò náà ti ń jinná?"

Phebe ló dáhùn fún un, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Kò jinná, Yèyé. Mo ń wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, kò jinná."

Yèyé gbé fúláàsìkì kalẹ̀. Ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. "Ẹni tó fi èèwọ̀ lélẹ̀ ló ń gbé e kúrò," ló wí níkẹyìn. "Ìwọ kọ́ lo fi í lélẹ̀."

Rùkáyà kọjú sí aláìsàn. "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Ẹnu yín ni."

Barnabas ti di ojú. "Mi ò lè jẹ ẹ́ lójú ìyá mi."

Ẹlòmíràn ì bá ti bínú. Ì bá ti pe ìyá àgbà ní òpè, kó sì lé e síta. Rùkáyà kàn tún ìborùn rẹ̀ fà síwájú ni. "Màmá, òótọ́ lẹ sọ. Ta ló fi í lélẹ̀?"

"Dókítà Oyèṣọlá, ní Iléṣà."

"Ó dáa. Ẹ lọ bá a láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀túnla. Abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá a ṣe."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Yèyé àti Phebe wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Iléṣà. Lójú ọ̀nà, Yèyé di báàgì rẹ̀ mú mọ́ àyà, ètè rẹ̀ ń mì, Phebe sì mọ̀ pé àdúrà ló ń gbà.

Dókítà Oyèṣọlá ti hewú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ka lẹ́tà Rùkáyà, ó ní kí wọ́n wá káàdì Barnabas jáde. Ó nàka sí ìlà kan.

"Màmá, mo kọ ọ́ síbí. Dín kù. Mi ò kọ má jẹ."

"Ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni?"

"Wọn ò jọra. Nígbà yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ. Kíndìnrín rẹ̀ ṣì ń gbìyànjú, a ò fẹ́ kí iṣẹ́ pọ̀ jù fún un. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń kó ìdọ̀tí náà, ó sì ń kó lára oúnjẹ ara dà nù. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ nígbà náà, òun ló ń pa á lára báyìí."

Yèyé jókòó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn tó ń dá ewúrẹ́ padà ti lọ.

"Nítorí náà, èmi ni mò ń febi pa ọmọ mi."

Phebe bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ṣe ṣọ́ ọ nígbà yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó pẹ́ kí kíndìnrín náà tó dáwọ́ dúró. Èmi ni mi ò ṣàlàyé tó. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ lè yí padà bí àìsàn bá yí padà. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀."

Yèyé nu ojú, ó sì dìde dúró. "Ó dára. Ẹ gbé e kúrò."

"Màá kọ ìwé sí Ìyáàfin Béjidé."

"N kò fẹ́ ìwé. Ẹnu lẹ fi fi í lélẹ̀. Ẹnu ni kí ẹ fi gbé e."

Dókítà wo Phebe, Phebe wo ilẹ̀. Ni ọkùnrin náà bá dìde lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀ dáadáa.

"Èmi Oyèṣọlá, tí mo ní kí Barnabas Adéjọbí dín ẹran, ẹja àti ẹyin kù, mo gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lónìí. Kó máa jẹ wọ́n, ní ìwọ̀n tí wọ́n bá wí fún un níbi tó ti ń fọ ẹ̀jẹ̀."

"Àmín!" ni Yèyé wí. Àwọn aláìsàn tó jókòó síta, tí wọn ò mọ ohun tó ń lọ, náà dáhùn pé àmín.

Ní gáréèjì Iléṣà, Yèyé ra ẹyin sísè mẹ́fà. Phebe fẹ́ sọ̀rọ̀, Yèyé dá a lóhùn kó tó yanu. "Mo mọ̀. A ó béèrè iye tó lè jẹ. Èyí tó bá kù, tiwa ni."

Ọ̀sán ni wọ́n dé ilé ìwòsàn. Rùkáyà ní kí ó jẹ méjì, láìsí iyọ̀. Yèyé fọ ọwọ́, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó bó ẹyin náà fúnra rẹ̀. Barnabas ń wo ìka ìyá rẹ̀. Nígbà tí ẹyin dé ẹnu rẹ̀, kò ya ẹnu.

"Yèyé, ṣé kí n jẹ ẹ́?"

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Dárí jì mí, kí o sì jẹ ẹ́."

Omijé bọ́ lójú Barnabas. Ó jẹ ẹ́, ó sì jẹ èkejì.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ẹyin kọ́ ló pa kòkòrò àrùn ẹsẹ̀ yẹn. Abẹ́rẹ́ pa á, wíwẹ egbò lójoojúmọ́ pa á, ẹ̀rọ náà ò sì dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ara fúnra rẹ̀ dìde sí ìjà. Ibà lọ lọ́jọ́ kẹfà. Ó kúrò ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Lẹ́yìn oṣù méjì, egbò náà pa ẹnu dé, ikọ́ lọ, eéwo ò yọ mọ́. Kíndìnrín rẹ̀ ò padà bọ̀ sípò, ó ṣì ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta tó kù láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ ó bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń bá àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ jà lórí fáìlì.

Ìròyìn náà tàn ká Ọ̀fàtẹ̀dó. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Elisha kápẹ́ńtà, aládùúgbò wọn, gbé adìẹ díndín odidi kan wá, inú rẹ̀ ń dùn. Kíndìnrín tirẹ̀ náà ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n kò tíì dé ìdí ẹ̀rọ.

"Yèyé, ẹ bá mi yọ̀. Mo gbọ́ pé ẹran ló ń wo kíndìnrín sàn."

Yèyé ò wo adìẹ náà. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ṣé ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ ni?"

"Rárá o, mà."

"Kí ni dókítà rẹ wí?"

"Ó ní kí n dín ẹran kù."

"Ìgbà wo ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Oṣù tó kọjá."

"Nígbà náà, dín in kù! Gé ìwọ̀n tó ní kí o máa jẹ, kí o kó ìyókù fún àwọn ọmọ rẹ. Oúnjẹ Bánábà kọ́ ni oúnjẹ rẹ. Bí o bá padà lọ lóṣù tó ń bọ̀, bi í léèrè bóyá ohun tó wí ṣì dúró. Má tìjú. Bi í."

Elisha gbé adìẹ rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ohun tí Yèyé sọ fún Elisha ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ, dókítà lè ní kó dín ẹran, ẹja àti ẹyin kù. Kó dín in kù bí wọ́n ṣe wí, kó má fi ebi pa ara rẹ̀. Ẹni tó ti ń fọ ẹ̀jẹ̀, tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀rọ ń gba amínò ásíìdì lára rẹ̀, àwọn ọmọ-ogun ara rẹ̀ sì nílò rẹ̀ láti bá àrùn jà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tó. Ẹ má wo àwo aládùúgbò ṣe tiyín. Bí egbò kékeré bá pẹ́, bí ikọ́ ò bá lọ, bí eéwo bá ń yọ léraléra, ẹ má fi ṣòkòtò bò ó, ẹ fi han nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá fún yín níwèé, ẹ kà á. Bí ẹ ò bá lè kà á, ẹ wá ẹni tí yóò kà á sí yín létí, kí ẹni tó ń dáná nílé sì wà níbẹ̀.

Ní pàtàkì jù lọ, ẹ má sọ ìmọ̀ràn dókítà di èèwọ̀. Èèwọ̀ kì í yí padà, ṣùgbọ́n àìsàn ń yí padà, oúnjẹ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá a yí. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ béèrè pé, "Ṣé ohun tí ẹ wí níjọ́sí ṣì dúró?" Ìyá ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin wọ ọkọ̀ dé Iléṣà lọ béèrè rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì wà láàyè.